Káàdì, ìtẹ́ onídẹkùn àbí ìwọ̀n: èwo ni kí olósìn adìyẹ rà?

Kí ẹ tó náwó lórí irinṣẹ́ tí ẹ ó fi máa ka ẹyin, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó sọ fún yín. Ṣé bí gbogbo agbo ṣe ń yé ni, àbí ohun tí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ń yé? Ọ̀tọ̀ ni irinṣẹ́ tó wà fún èkíní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì.

Káàdì ara ilẹ̀kùn àti fóònù

Káàdì páálí tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, tí bírò rọ̀ mọ́ ọn, ni irinṣẹ́ àtijọ́ tí mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́, iye adìyẹ tó wà láàyè, èyí tó kú, ẹyin tí a kó, èyí tó fọ́, àti fíìdì. Ká ní adìyẹ 200 ló wà láàyè, tí ẹ kó ẹyin 164: ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí ó bá wá já sí 140 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti di 70. Ẹ sáré wo omi wọn, lẹ́yìn náà fíìdì, kí ẹ sì ṣọ́ra fún àrùn lùkúlùkú. Iye tó wà láàyè lọ́jọ́ náà ni kí ẹ fi pín in o, kì í ṣe iye tí ẹ rà.

Fóònù máa ń bá yín ṣe ìṣirò, eku ò sì lè jẹ ẹ́. Àmọ́ àpò ọ̀gá ló ń gbé, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ló ń kó ẹyin. Bó bá di alẹ́ kó tó ròyìn, iye ti dàrú. Ẹ ra káàdì. Lópin ọ̀sẹ̀ kí ẹ gbé e sórí fóònù.

Ìtẹ́ onídẹkùn àti ìtẹ́ lásán

Bí adìyẹ bá wọnú ìtẹ́ onídẹkùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á já bọ́ sílẹ̀, á sì há a mọ́bẹ̀ títí ẹnìkan á fi wá tú u sílẹ̀. Onítọ̀hún á ka nọ́ńbà òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ẹyin. Láàárọ̀ tí wọ́n ń yé jù, ó gbọ́dọ̀ máa yọjú léraléra, nítorí nínú ooru wa yìí, adìyẹ tí a gbàgbé sínú àpótí lè kú. Ìtẹ́ lásán kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n kò ní sọ ta ló yé.

Ẹni tó ń ta ẹyin jẹ kò nílò ìtẹ́ onídẹkùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ èyí tí kò yé mọ́, ẹ fọwọ́ kan eegun méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀: ti èyí tó ń yé á gba ìka méjì tàbí mẹ́ta láàárín, ti èyí tí kò yé á fún pọ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó ń ṣa adìyẹ tó fẹ́ fi ṣe irú ni kó ra ìtẹ́ onídẹkùn, kó sì ra òrùka fún àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Maine, ní Amẹ́ríkà, ọdún 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtẹ́ yìí ṣa àwọn ìyá tó ń yé púpọ̀, síbẹ̀ ìpíndọ́gba ẹyin agbo kò gòkè. Raymond Pearl, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, fi hàn pé iye ẹyin ìyá nìkan kò tó. Ohun tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ń yé ló yẹ kí a wò, ká sì wo àkùkọ tó bí wọn.

Àtùpà àti ìwọ̀n

Iná fóònù ti tó láti fi yẹ ẹyin tó sán wò. Ẹ má wá àtùpà kẹ̀rosíìnì tí wọ́n ń lò fún un láyé àtijọ́ kiri.

Ìwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹyin kọ̀ọ̀kan rẹwà, pàápàá àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá. Áúnsì fún ẹyin 12 ni wọ́n kọ sára rẹ̀: 24 túmọ̀ sí ẹyin ńlá, nǹkan bíi gíráàmù 57 ẹyọ kan. Àmọ́ kirééti ni àwa fi ń tà. Ìwọ̀n tó lè gbé kirééti kan ló wúlò fún wa jù. Ẹyin 30 tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ á wọn nǹkan bíi kílò 1.7, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ìwọ̀n kirééti òfìfo kúrò. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ fi nǹkan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.