Ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín bọ́ílà: èwo ni kí ẹ rà, ta ni kó sì máa tún un ṣe?

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì Gas Safe, ìyẹn ìwé àṣẹ oníṣẹ́ gáàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó fẹ́ ra analyser àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín yẹn. Iye tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni iye ẹ̀rọ yìí. Ọdọọdún lẹ máa san owó calibration, ìyẹn dídán ẹ̀rọ wò àti títún un ṣe kó lè ka nọ́ńbà tó tọ́, ẹ sì máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń mọ gáàsì, bó bá yá. Ẹ ṣírò owó ọdún márùn-ún kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Àlòkù ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó mọ́ tónítóní, ó sì tàn bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbé e lọ fún calibration, wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti kú, ti CO (carbon monoxide, gáàsì olóró) ń kú lọ, pọ́ǹpù ò sì lágbára láti fa èéfín mọ́. Owó tí wọ́n dá lé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi rà á, bẹ́ẹ̀ bọ́ílà mẹ́ta ń dúró dè mí lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó kọ́kọ́ bèèrè sátífíkéètì tó gbà kẹ́yìn àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ gbẹ̀yìn. Bí ẹni tó ń tà á bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tàbí infrared?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń wọn ọ́síjìn inú èéfín, tí wọ́n á wá fi ìyẹn ṣírò CO2 (carbon dioxide). Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti àtijọ́, èyí tó ní òjé nínú, dà bíi bátìrì: ọjọ́ tí wọ́n bá ti tú u kúrò nínú ọ̀rá ló ti ń jẹ ara rẹ̀, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Bí ọdún méjì ló ń lò. Àwọn tuntun tí kò ní òjé máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Lódìkejì, àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ìtànṣán infrared wọn CO2 fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í jẹ ara rẹ̀ tán, àmọ́ omi àti ẹ̀gbin ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá bo ojú rẹ̀, nọ́ńbà á dàrú.

Tèmi ni pé ẹni tó ń ṣe bọ́ílà ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni kò yẹ kó ra olójèé rárá, torí inú àpótí ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ máa kú sí. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ lè ra èyíkéyìí, bí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe kò bá ti jìnnà sí i. Sẹ́ńsọ̀ CO wà nínú gbogbo wọn ṣá o, òun náà sì ń gbó.

Òdo kì í ṣe calibration

Àwọn kan gbà pé bí ẹ̀rọ bá ti ka ọ́síjìn 20.9% àti CO òdo níta gbangba, ó péye. Rárá o. Òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja yìnyín náà ń wà lórí òdo; ìgbà tí ẹja bá gorí rẹ̀ la tó ń mọ̀ bóyá ó ń rẹ́ni jẹ. Gáàsì inú sìlíńdà, tí wọ́n ti mọ iye CO inú rẹ̀, ni ẹja tiwa.

Ká ní CO2 bọ́ílà kan jẹ́ 9%, ẹ̀rọ yín sì ka CO 300 ppm (ppm kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù, nítorí náà 9% jẹ́ 90,000 ppm). Ẹ fi CO2 pín CO, ẹ máa rí 0.0033. Ìwé bọ́ílà níbí ní kí CO má ju 350 ppm lọ, kí ìpín yẹn má sì kọjá 0.004, nítorí náà bọ́ílà náà yege. Àmọ́ bí sẹ́ńsọ̀ yín bá ń fi 20% dín in kù, 375 ppm ló wà níbẹ̀ gan-an, ìpín sì di 0.0042. Bọ́ílà tí kò yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ lẹ fọwọ́ sí yẹn, tí àwọn ọmọ sì ń sùn lókè rẹ̀. CO ò ní òórùn tó máa jí wọn.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àbí ẹlòmíì?

Kane wà ní Welwyn Garden City, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Testo, tó jẹ́ ti Jámánì, ní ọ́fíìsì ní Alton, ní Hampshire. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣe é, ojúlówó ẹ̀yà lẹ máa gbà, àmọ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ máa fi wà láìní ẹ̀rọ. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè yá yín ní òmíràn.

Àwọn aládàáni míì ń ṣe é lójú ẹsẹ̀, owó wọn sì lè fani mọ́ra. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Nígbà míì, calibration lásán ni owó kékeré yẹn wà fún. Wọ́n á wá pè yín lọ́sàn-án pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Iye kan ṣoṣo tó kó sẹ́ńsọ̀, asẹ́ àti pọ́ǹpù mọ́ra ni mo fẹ́ràn, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi sátífíkéètì kan hàn yín kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀: ó yẹ kí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà kí wọ́n tó tún un ṣe wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tó kà lẹ́yìn náà àti nọ́ńbà sìlíńdà tí wọ́n fi dán an wò. “Pass” lásán ò sọ fún yín bóyá iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn péye.

Àwọn ẹ̀rọ kan gbà kí ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ fúnra yín. Ìyẹn dára lọ́jọ́ tí kò sí àyè, àmọ́ kò gba ipò calibration ọdọọdún.

Oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni kí ẹ fi calibration sí, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì gbóná tí ẹnikẹ́ni ò rántí bọ́ílà rẹ̀. Tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ẹ̀rọ gbogbo oníṣẹ́ gáàsì ló ti tò sórí tábìlì àwọn tó ń ṣe calibration.