Milling tòkunbọ̀ tí kò lórúkọ: ohun tí ojú mi rí ní yáàdì tí mo ti rà á, àti bàbá tó bá mi wá páàtì ẹ̀

Nọ́ọ̀tì kan ló mú mi jókòó kọ èyí. Nọ́ọ̀tì idẹ tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì milling, tí ṣáàfù sukúrúù máa ń gba inú ẹ̀ kọjá, òun ló ń jẹ́ kí tábìlì rìn sọ́tùn-ún rìn sósì téèyàn bá ń yí ọwọ́ ẹ̀. Ti ẹ̀rọ mi ti jẹ tán, wọ́n wá ta òmíì fún mi ní ₦95,000 ní yáàdì tí mo ti ra ẹ̀rọ náà gan-an, wọ́n ní òun ló bá a mu, kò sí wàhálà. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ojú sukúrúù dáadáa, ó yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, ló bá há. Mo yọ ọ́, mo fi kẹrosíìnì fọ ojú sukúrúù, mo ta ọ́ìlì sí i, ibi tó ti há lákọ̀ọ́kọ́ náà ló tún ti há. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun ọ̀sán, mo gbé ṣáàfù àti nọ́ọ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, ó di yáàdì.

Mi ò ní dárúkọ yáàdì náà. Milling tí mò ń wí, ti àwa tí à ń gé irin ni o, kì í ṣe ti àwọn tó ń lọ ata. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Sango, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ni ká la kíwéè, ojú ọ̀nà tóóró tí kíì ń wọ̀, sára ṣáàfù ẹ̀rọ gààrí àti ẹ̀rọ ìlọta, ká gé gíà, ká sọ ojú irin di pẹrẹsẹ. Tẹ́lẹ̀, gráńdà àti fáìlì ni mo fi ń la kíwéè, ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ bí apá ṣe máa ń ro èèyàn tó bá di alẹ́.

Ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ dáa, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí ìbínú má bàa bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Irin ẹ̀ wúwo, tábìlì ẹ̀ ò tẹ̀, kíwéè tó bá là máa ń dán. Àmọ́ kò lórúkọ. Ihò méjì péré ló kù níbi tí wọ́n kan àwo orúkọ ẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yọ àwo dànù, wọ́n wá fi ọ̀dà tuntun kùn ún látòkè délẹ̀, kódà wọ́n kun orí àwọn nọ́ńbà tó wà lára irin.

Nígbà tí mò ń rà á mo bi ọmọkùnrin tó ń bá wọn tajà pé irú èwo ni.

"Ọ̀gá mi, Bridgeport ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ó fi ìka kan àwo tó wà lára mọ́tò iná, ó ní ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe Bridgeport, nǹkan mìíì ni, àti pé àwo ara mọ́tò, ti mọ́tò ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló kọ ọ́, wọ́n lè gbé mọ́tò kan náà sórí ẹ̀rọ oríṣi mẹ́wàá. Ohun tó máa sọ fún yín ò ju agbára mọ́tò, iye fóòtì àti bóyá 50Hz ni tàbí 60Hz, ìyẹn sì ṣe pàtàkì torí 50Hz la ń lò ní Nàìjíríà, mọ́tò 60Hz á máa yí lọ́ra níbí. Bridgeport ní tiẹ̀, ìlú Bridgeport ní Connecticut, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, 1938 ni wọ́n ta àkọ́kọ́ irú èyí tí orí ẹ̀ ń yí. Ó dáa débi pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ló ṣe irú ẹ̀, àwọn ará Taiwan pàápàá, oníṣòwò tó bá kó wọn wọlé á kàn lẹ orúkọ tó bá wù ú mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ fi ń pe gbogbo ẹ̀ ní Bridgeport. Kò dùn mí pé ẹ̀rọ mi kì í ṣe Bridgeport, ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fi orúkọ yẹn ta páàtì fún mi.

Mo dé yáàdì, àǹtí tó ń kọ risíìtì ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Wọn ò tíì wo nọ́ọ̀tì tí wọ́n ti nawọ́ sí ohun tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ risíìtì: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo ní àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kí ẹ gba ọjà padà, mo ní ẹ fún mi ní èyí tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ tà fún mi. Wọ́n ní kí n dúró de ọmọkùnrin. Ọmọkùnrin jáde, ó gba nọ́ọ̀tì, ó yí i wọ sukúrúù, ó há mọ́ òun náà lọ́wọ́, ó ní:

"Ọ̀gá mi, tuntun ni, ó máa ń le bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kàn gbá a wọlé, á la ọ̀nà fúnra ẹ̀."

Ó bá mú òòlù.

Mo pariwo. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń já ẹrù nínú kọ̀ǹténà dúró. Idẹ ni nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ṣáàfù yẹn ni gbogbo ẹ̀rọ mi, bí ojú sukúrúù bá fi lè ṣá lójú kan ṣoṣo, tábìlì á máa tọ ní ojú ibẹ̀ títí ayé, kò sì sí orúkọ tí mo máa pè tí wọ́n máa fi wá òmíì fún mi. Mo gba òòlù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní tún sọ níbí.

Ibẹ̀ ni bàbá kan ti jáde látẹ̀yìn, wọ́n wọ ọ̀fà-rọ́ọ̀lù, ọwọ́ wọn kún fún gírísì. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ní tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lathe gé irin, ní yáàdì yẹn rárá, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi wọ́n sí, níbi tí kọ́sítọ́mà kì í dé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin bàbá. Wọ́n ní dìde ọmọ mi, gbé ṣáàfù yẹn wá.

Wọn ò bi mí pé kí lorúkọ ẹ̀rọ. Wọ́n nu ojú sukúrúù, wọ́n gbé rúlà irin lé e, wọ́n ní kí n ka ìlà mẹ́wàá. Mo kà á. 50mm géérégé. Wọ́n wá lọ mú sukúrúù ògbólógbòó kan wá lẹ́yìn, wọ́n yí nọ́ọ̀tì tí wọ́n tà fún mi wọ ìyẹn, ó lọ wọ̀ọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní kí n ka ìlà mẹ́wàá lórí ìyẹn náà. Ó kọjá 50mm, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ dé 51.

"O rí i? Tìẹ, mìlímítà ni. Èyí, íńṣì ni."

Íńṣì kan jẹ́ 25.4mm, ìlà márùn-ún ló sì wà nínú íńṣì kan lára nọ́ọ̀tì yẹn, ìlà kan sí èkejì wá jẹ́ 5.08mm. Tèmi jẹ́ 5mm. Ohun tó fi yàtọ̀ ò ju irun orí kan lọ, ìdí nìyẹn tó fi wọlé, ìdí nìyẹn tó sì fi há, torí ó ń pọ̀ sí i lórí ìlà kọ̀ọ̀kan títí àyè á fi tán. Bàbá tún bi mí pé ìlà mélòó ló wà lára dial, òrùka oníìlà tó wà nídìí ọwọ́ tábìlì. Mo ní 250, 0.02mm ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ṣé o rí i, 250 lọ́nà 0.02, 5mm nìyẹn, ìyípo kan. Tó bá jẹ́ ti íńṣì ni, 200 lò bá kà. Wọ́n yíjú sí ọmọkùnrin, wọ́n ní ìwọ náà gbọ́ àbí? Kò dáhùn.

Àǹtí ti jáde wá báyìí, wọ́n dúró wọ́n ń gbọ́.

Bàbá wá bi mí nípa ẹnu spindle, ṣáàfù òkè tó ń yí ọ̀bẹ, bóyá eyín méjì yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ẹ̀. Mo ní ó ní. "Kì í ṣe R8 nìyẹn." Oríṣi ihò spindle ni R8, bíi ISO àti Morse. Ẹ gbọ́, àpótí collet R8, ohun tó ń di ọ̀bẹ mú, ni wọ́n fi ṣe jàárá fún mi lọ́jọ́ tí mo ra ẹ̀rọ! Bàbá ní kí n pe ẹnì kan tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mo pe ọmọṣẹ́ mi, mo ní kó fi kálípà wọn ẹnu ihò, gbogbo wa dúró à ń retí, bàbá ti sọ fún mi kó tó wọ̀n ọ́n pé tó bá jẹ́ ISO 30 á sún mọ́ 31.75mm, tó bá jẹ́ ISO 40 á sún mọ́ 44.45mm. Ọmọṣẹ́ mi ní ọ̀gá, mo rí 31.7. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra o, Morse 4 náà ń sún mọ́ 31, ẹni tó bá fi ẹnu ihò nìkan wò ó lè ṣì í pè, ṣùgbọ́n Morse rọra ń tín-ín-rín ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, ti ISO ń yára tín-ín-rín, tó o bá ti tú drawbar, irin gígùn tó fà á mú látòkè, á bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Tèmi máa ń bọ́. Ó tán. Bàbá fúnra wọn ní kí n dá àpótí R8 padà, wọ́n fún mi ní collet chuck ISO 30 kan, àǹtí fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá ní kí wọ́n kọ ọ́ sórúkọ àwọn.

"Ẹ̀rọ ẹ lè má lórúkọ," wọ́n ní, "bẹ́árìn ẹ̀ lórúkọ, bẹ́líìtì ẹ̀ lórúkọ. Ìyẹn ni kó o máa bèèrè."

Wọ́n gé nọ́ọ̀tì tuntun fún mi látinú idẹ tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n pọ́n ọ̀bẹ lathe ẹ̀ sí dígírì 30, torí ti mìlímítà ni, ti íńṣì tí wọ́n ń pè ní ACME jẹ́ 29. Ó wọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀, kò há, kò mì.

Mo mú ìmọ̀ràn bẹ́árìn lọ sí ọjà páàtì Àràrọ̀mí, ní Gate, n'Ìbàdàn, torí orí spindle ti ń ké. Nọ́ńbà tí mo bá lára ẹ̀ ni 7207. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ihò inú ẹ̀ nìyẹn, 35mm. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà gbé 6207 fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni. Lóòótọ́ wọ́n jọ tóbi: 35 nínú, 72 lóde, 17 nípọn. Ṣùgbọ́n 7207 ni wọ́n ṣe kó lè gba kí wọ́n máa tì í látìsàlẹ̀ látòkè, 6207 kò lè gbà á tó bẹ́ẹ̀, orí milling sì nílò ẹ̀. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù iwájú gbọ́ nọ́ńbà, wọ́n ní, "Ṣé méjì tó bára wọn mu lẹ fẹ́, ẹ̀yin dádì?" Mo ní ẹ ṣeun mà, òun náà ni. Bẹ́líìtì ò gba wàhálà: ojú ẹ̀ fẹ̀ tó 13mm, oríṣi A nìyẹn, ìwọ̀n gígùn ẹ̀ ní íńṣì ni wọ́n máa ń kọ tẹ̀ lé e.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì dá ₦95,000 mi padà. Àǹtí ní ó di ìgbà tí ọ̀gá bá dé. Ọmọkùnrin yẹn ṣì wà níwájú, ó ṣì ń pe gbogbo ẹ̀rọ ní Bridgeport, mo gbọ́ ọ létí ara mi lọ́jọ́ tí mo lọ gbé nọ́ọ̀tì, ó sì dùn mí torí ẹni tó ń rà á lọ́jọ́ náà, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù ni, owó ẹgbẹ́ ló yá. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó bèèrè bàbá.

Máàkì tí mo fún yáàdì: 4 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ mú ṣáàfù yín dání, ẹ má sì san kọ́bọ̀ kí bàbá tó gbé rúlà lé e.