Proxy tí mo háyà, proxychains, àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí n kò sùn

Aago 11 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń tẹ WhatsApp bí ẹni ń lọ ata. Sáfà oníbàárà mi kì í gba àlejò: àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹni mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kan ṣoṣo ló mọ̀, ti proxy SOCKS5 (sáfà alágbàkọjá tó ń bá mi gbé ìsopọ̀ mi lọ) tí mo háyà lóṣooṣù. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi ní tirẹ̀ ń pa àdírẹ́sì dà bí alágẹmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo proxychains-ng. Ẹ ṣáà kọ proxychains4 síwájú àṣẹ yín, áàpù á gba inú proxy kọjá láìfura.

Lálẹ́ yẹn, "timeout" ṣáá ló ń kọ. Mo ké sí àwọn tó ni proxy. Ọmọkùnrin kan dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín, kẹ́ ẹ tún un tàn." Mo tàn án. Ó ní kí n tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo ní, "Ṣé ọmọdé ni mo jọ lójú ẹ ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ya fọ́tò fáìlì ètò proxychains, proxychains4.conf, ránṣẹ́. Ẹ bo páásíwọ́ọ̀dù o."

Kíá ló rí i. Mo kọ proxy wọn sísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ n kò pa ìlà socks4 127.0.0.1 9050 tó bá fáìlì náà wá rẹ́. Ti Tor (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bo ojú ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì) nìyẹn, n kò sì ní Tor. Strict_chain (ètò tó ní kí ìsopọ̀ gba inú gbogbo proxy inú fáìlì náà lẹ́sẹẹsẹ) ló wà níbẹ̀, kì í fo ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí.

Mo pa ìlà náà rẹ́, curl (irinṣẹ́ tí mo fi dán ìsopọ̀ wò) wá gbé àdírẹ́sì proxy jáde, mo hó yè. (Ẹ má fi ping dán an wò o, irú ìsopọ̀ tó ń jẹ́ TCP nìkan ni proxychains mọ̀, ping kì í sì í lò ó.) Ni mo bá fi rclone, irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì, kó fáìlì lọ sórí WebDAV (ibi ìpamọ́ fáìlì lórí wẹ́ẹ̀bù) oníbàárà mi. Sáfà tún tì mí síta! Èébú ti dé ètè mi kí ọmọkùnrin náà tó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbí rclone lẹ ń lò?"

Go, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ni wọ́n fi kọ rclone. LD_PRELOAD (ọgbọ́n tó ń ti kóòdù mìíràn bọ inú áàpù) ni proxychains fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà libc, àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ áàpù ń gbà kọjá. Go kì í gba ibẹ̀, kernel (ọkàn ètò kọ̀ǹpútà) ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà. Àdírẹ́sì ilé mi ló gbé jáde, proxychains kò sì wí nǹkan kan! Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó ń fi proxychains bojú torí ẹ̀rù ńkọ́?

Ó ní kí n fi HTTPS_PROXY=socks5:// pẹ̀lú àdírẹ́sì proxy síwájú rclone, torí rclone fúnra rẹ̀ ń ka ìyẹn. Ó wọlé. Ó ní bí n kò bá fẹ́ kí áàpù kankan yọ́ kọjá, redsocks pẹ̀lú iptables (irinṣẹ́ Linux méjì tó ń darí ìsopọ̀ áàpù sínú proxy) ni, torí inú kernel ni iptables ti ń darí wọn. Ó dúró tì mí títí fáìlì fi parí, ó ti lé ní aago 1.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n yọ owó oṣù tuntun láìbi mí léèrè. Mo béèrè rẹ̀ padà, wọn ò tíì dáhùn.

Síbẹ̀, ìràwọ̀ 5 nínú 5.