SilentPatch: fáìlì kékeré tó bá mi wá bàálù mi rí lẹ́yìn tí mo bọ́ sí Windows 11

Bàálù kan ló sọnù nínú géèmù mi, wíwá tí mo wá a ló gbé mi dé ìdí SilentPatch, àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn géèmù àtijọ́. Skimmer ni orúkọ bàálù náà. Kò ní táyà lẹ́sẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ohun méjì tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló fi ń dúró, torí orí omi ló ti ń gbéra, orí omi náà ló sì ń bà sí. Nínú Grand Theft Auto: San Andreas, kò sí ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn tó o. Bí mo bá ti máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tán lálẹ́, n kì í wá ìjà lọ sínú géèmù yẹn. Màá wọ Skimmer, màá fò lórí omi nígbà tí oòrùn ibẹ̀ bá ń wọ̀, màá sì bà síbi tó bá wù mí. Géèmù àgbàlagbà ni o; ọ̀rọ̀ àti ìwà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọdé máa wò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e fún wọn.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo ń lò: Core i5 ìran kẹjọ, RAM 8GB, graphics Intel UHD 620, ojú rẹ̀ sì jẹ́ 1366×768. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá, ṣùgbọ́n géèmù tó jáde fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 2005 kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ máa dópin, mi ò dúró di ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ni mo ra dátà, mo dúró de iná, mo sì gbé e bọ́ sí Windows 11, ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní 24H2.

Ìṣòro tí mo kọ́kọ́ bá pàdé kò kan SilentPatch, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí pé bí ẹ ò bá yanjú rẹ̀, ẹ ó rò pé gbogbo nǹkan ló bàjẹ́. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà tan, ohun gbogbo lójú rẹ̀ tóbi gbàgìdì, ó sì ṣú bàìbàì. Mo ṣí géèmù, ó ń wọ́ bí ìgbín. Bí mo bá yí ọkọ̀ sí ọ̀tún, ìṣẹ́jú àáyá kan á kọjá kí ojú ọ̀nà tó tẹ̀lé e. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò wa wò ó fírí, ó ní graphics rẹ̀ ti kú, kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù mìíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí kò tíì tó ọdún méjì tí mo ra èyí.

Graphics kankan ò kú. Nígbà tí mo ṣí Device Manager, tí mo wo abẹ́ Display adapters, dípò kí n rí orúkọ Intel, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni Microsoft Basic Display Adapter. Adelé ni ìyẹn. Windows máa ń fi í síbẹ̀ nígbà tí kò bá tíì rí driver gidi, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kí ojú kọ̀ǹpútà má bàa ṣókùnkùn pátápátá. Ó lè ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò lè gbé iṣẹ́ géèmù fún ẹ̀yà graphics tó wà nínú ẹ̀rọ, nítorí náà processor nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù. Mo lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù mi, mo wá nọ́ńbà àwòṣe rẹ̀, mo gba driver tó bá Windows 11 mu, mo fi sí i, mo tún un tàn. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ kedere, géèmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ohun kan ṣì kù níbẹ̀. Nínú Documents, fódà kan wà tó ń jẹ́ GTA San Andreas User Files, fáìlì gta_sa.set sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni géèmù náà ń tọ́jú bí ẹ ṣe ṣètò ojú rẹ̀ sí. Ètò ìgbà tí adelé wà lórí oyè ṣì wà nínú tèmi, ó sì ń fi ojú kékeré ṣí géèmù. Mo pa fáìlì yẹn rẹ́, géèmù kọ tuntun fúnra rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GTASAsf, àwọn yẹn ni ibi tí ẹ bá eré dé.

Mo rò pé ó ti parí. Àbúrò mi ọkùnrin ló jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí òun fi Skimmer ṣeré díẹ̀. Ó pẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì: "Àǹtí mi, bàálù yín ò sí níbí mọ́ o." Mo ní kó jáde nínú géèmù, kó tún padà wọlé. Kò sí. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo dúró létí omi níbi tí bàálù náà máa ń wà, omi lásán ni mo ń wò. Mo fi compatibility mode ti Windows XP sí i, kí géèmù lè rò pé orí Windows àtijọ́ lòun wà, kò yí nǹkan kan padà. Mo yọ géèmù kúrò, mo tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, omi lásán náà ni. Àwọn bàálù yòókù wà ní ipò wọn. Òun nìkan ni kò sí.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà kiri, tí mo fi dé ọ̀dọ̀ SilentPatch. Ẹni tó ṣe é ń jẹ́ Silent lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ orílẹ̀-èdè Poland ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń tún àwọn géèmù àtijọ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ti GTA III, ó ní ti Vice City, ó sì ní ti San Andreas. Kò sí ìpolówó níbẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi, dátà tó jẹ kò tó nǹkan.

Fífi sí i kò le. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà géèmù síbòmíràn, ìyẹn ni mo sì bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ pé kó ṣe. Lẹ́yìn náà mo da SilentPatchSA.asi sínú fódà tí gta_sa.exe wà. Fáìlì .asi kò lè dá dìde. Ó nílò ASI loader tó máa pè é wọlé nígbà tí géèmù bá ń ṣí, fáìlì .dll kan ni ìyẹn, inú fódà kan náà ni ẹ ó fi sí. Bí ẹ bá gbé géèmù yín sínú Program Files, ẹ gbé e jáde níbẹ̀ lọ sí fódà tirẹ̀ lórí C: tàbí D:, torí Windows máa ń ṣọ́ Program Files lójú méjèèjì, kì í jẹ́ kí géèmù kọ nǹkan síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo ṣí géèmù. Mo lọ sétí omi. Skimmer mi dúró síbẹ̀.

Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni mí, bí nǹkan bá ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé mo mọ bó ṣe ṣe é, n kì í sùn dáadáa. Ó dára pé Silent ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ síta, ní ọdún 2025, àlàyé yẹn gan-an sì ni mo fi bọ̀wọ̀ fún un jù.

Nínú fódà data, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ vehicles.ide. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló wà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, irú ọkọ̀ tó jẹ́, títí dórí bí táyà rẹ̀ ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà Skimmer ni 460, ìlà rẹ̀ kò sì pé. Nọ́ńbà mẹ́rin tó yẹ kó parí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìwọ̀n táyà sì wà lára wọn. Ní Vice City, géèmù tó ṣáájú, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ka Skimmer sí, ọkọ̀ ojú omi kò sì nílò ìwọ̀n táyà. Ní San Andreas wọ́n sọ ọ́ di bàálù, ṣùgbọ́n wọn ò fi ìyókù kún ìlà rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá ń ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún? Ẹ ronú nípa pátákó ìkọ̀wé nínú kíláàsì. Olùkọ́ kan kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀, ó jáde láìpa á rẹ́. Èkejì wọlé, kò mú ìwé tirẹ̀ dání, ó bá nọ́ńbà yẹn lójú pátákó, ó sì fi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó ṣáájú Skimmer nínú fáìlì náà ni 459, TopFun, ìwọ̀n táyà rẹ̀ sì jẹ́ 0.7. Géèmù ka 0.7 fún TopFun, ó fi í sílẹ̀ nínú àyè memory tó ń lò. Nígbà tó kan Skimmer, tí kò rí nǹkan kà, 0.7 tó kù lójú pátákó ló mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lójoojúmọ́, lórí Windows XP, lórí 7, lórí 10, kò sì sẹ́ni tó fura.

Ní 24H2, iṣẹ́ kan tí géèmù máa ń pe Windows sí láàárín ìlà kan sí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í lo àyè pátákó náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó kọ nǹkan tirẹ̀ bo 0.7 mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún géèmù pé àkọsílẹ̀ àná á máa dúró dè é. Ṣùgbọ́n Skimmer wá mú nǹkan tí kì í ṣe ìwọ̀n táyà rárá, ó fi ṣe ìwọ̀n táyà, ibi tó yẹ kó dúró sí sì dàrú. Nígbà tí Silent fi agbára gbé bàálù náà jáde, tó sì fi CJ, ẹni tí a ń fi ṣeré nínú géèmù náà, jókòó sínú rẹ̀, gíga tí CJ wà, ní mítà, súnmọ́ 1 tí òdo 31 tẹ̀lé e. Mo ka nọ́ńbà yẹn fún àbúrò mi, ó ní kí n tún un kà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi fáìlì àlejò sínú géèmù rẹ̀ lè tún ìlà yẹn ṣe fúnra rẹ̀: ẹ fi Notepad ṣí vehicles.ide, ẹ wá 460, kí ẹ fi àmì kọ́mà kan àti -1, 0.7, 0.7, -1 sí ìparí ìlà rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Mo dán èyí wò lórí ẹ̀dà géèmù kejì tí kò ní SilentPatch, bàálù jáde. Síbẹ̀, SilentPatch ni mo fi sílẹ̀ sórí èyí tí mo ń gbá, nítorí ohun tó ṣe kò mọ sórí bàálù nìkan. Frame limiter géèmù náà, ìyẹn ohun tó ń dín iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù, ń pe ara rẹ̀ ní 30 láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdádúró kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀. SilentPatch yọ ìdádúró yẹn. Lórí ẹ̀rọ kékeré bíi tèmi, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sí ojú àti sí ọwọ́. Òṣùpá ń dín kù, ó sì ń kún bó ṣe yẹ. Ooru tó máa ń jó lójú títì lọ́sàn-án ní aṣálẹ̀ náà wà bó ṣe yẹ kó wà. Mi ò mọ̀ pé ohun wọ̀nyí ṣe àbùkù rí, àfi ìgbà tí mo rí wọn lódindi.

Níbo ni kò ti tẹ́ mi lọ́rùn? Lójú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ bíi tèmi, radar, àwòrán ilẹ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọwọ́ òsì, kì í rí róbótó, ńṣe ló ń fẹ̀ bí ẹyin tí a dùbúlẹ̀, àwọn lẹ́tà náà sì sanra. Mo retí pé SilentPatch á tún un ṣe. Kò tún un ṣe. Iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn, Widescreen Fix tí ThirteenAG ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Fáìlì .asi ni òun náà, wọ́n sì ń gbé pọ̀ láìjà, ṣùgbọ́n ASI loader kan péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ohun kejì ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀dà gta_sa.exe tí ẹ ní. Tèmi jẹ́ 1.0, gbogbo nǹkan sì wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Ẹ̀dà táwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé jáde lẹ́yìn náà yàtọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo àtúnṣe inú SilentPatch ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àlàyé lórí èyí wà, ṣùgbọ́n ó gùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tí mo ṣe jókòó kọ èyí ní Yorùbá nìyẹn.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin àti ààbọ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, géèmù kò tíì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Skimmer gba abẹ́ afárá kọjá láìfi apá kan òpó rẹ̀. Èmi ò tíì lè ṣe é.