Ìrìn àjò Uyuni ní Bolivia: ọ́síjìn tí wọ́n ní ó wà nínú ọkọ̀

Òfìfo ni sílíńdà náà. Òru ti jìn, a wà ní ilé ìgbàlejò kan nítòsí adágún Laguna Colorada, níbi tí ilẹ̀ ti fi nǹkan bíi mítà 4,270 ga ju òkun lọ, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́lẹ́. Àbúrò mi obìnrin dìde jókòó lórí ibùsùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí èémí mí." Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ sílíńdà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, a ò gbọ́ fìn-ín.

Ara mi ń gbọ̀n fún ìbínú, torí mo ti béèrè. Ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn àjò wa ní ìlú Uyuni, kí n tó sanwó, mo bi obìnrin tó wà nídìí káńtà bóyá ọ́síjìn wà nínú ọkọ̀. Ó fa ìwé àdéhùn yọ, ó fi bírò fàlà sábẹ́ "oxígeno" lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó jẹ́ kí n fojú rí i. Ó ní wọ́n ti dì í mọ́ ẹrù, kí n fọkàn balẹ̀.

Awakọ̀ yẹn ni Ọlọ́run lò fún wa. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó da kóòtù bora, ó bọ́ sínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn títí ó fi rí ẹni tó yá a ní sílíńdà. Òun fúnra rẹ̀ ló di ìbòmú mú sí imú àbúrò mi. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀, ó fi ewé kóka po tíì fún un, kò sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ó ní a ò ní lọ sí Sol de Mañana, ibi tí ooru gbígbóná ti ń tú jáde látinú ilẹ̀, mọ́, torí ibẹ̀ tún ga ju ibi tí a wà lọ. Ó darí ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Pápá iyọ̀ Uyuni tí a tìtorí rẹ̀ lọ ńkọ́? Ẹ lọ wò ó! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la lọ, ilẹ̀ funfun báláú, ó ya ní igun mẹ́fà-mẹ́fà lọ títí ojú ò fi tó o mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ọ̀run nínú omi orí rẹ̀, kó lọ láàárín oṣù January sí March, àmọ́ omi lè dí ọ̀nà erékùṣù Incahuasi nígbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ mú káàdì yẹ́lò fífà dání. Ẹ kọ́kọ́ sùn ní ìlú Sucre ní Bolivia fún ọjọ́ díẹ̀ kí ara yín lè mọ́ òkè. Ẹ kó kaṣì bolivianos lọ́wọ́, torí owó ìwọlé ibùdó ẹranko Eduardo Avaroa máa ń wà lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí wọ́n ṣí sílíńdà lójú yín.

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, obìnrin káńtà ní awakọ̀ ló jẹ̀bi. Ó fún àbúrò mi ní ère ẹranko kékeré tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ́. Kọ́bọ̀ kò padà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí mo bá fún wọn ní ẹyọ kan, awakọ̀ yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.