Áàpù tó ń tú nọ́ńbà palẹ̀: ó dáa, àmọ́ ẹ má fún un ní nọ́ńbà gígùn

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo áàpù yìí. Ẹ tẹ nọ́ńbà sí i, á sọ fún yín bóyá práìmù ni, ìyẹn èyí tí nǹkan kan ò lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Bí kì í bá ṣe práìmù, á tú u palẹ̀ fún yín, ìyẹn ni pé á sọ àwọn práìmù tí ẹ máa sọ di púpọ̀ kí ẹ tó rí i. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé bí ẹ bá fi 9 sọ 12,345,679 di púpọ̀, 1 mẹ́sàn-án á tò síwájú yín. Áàpù yìí ló fi hàn mí pé 37 àti 333,667 ló bí i. Mo tẹ 999,999,999,989, kí n tó mí, ó ní práìmù ni. Òótọ́ sì ni.

Ọmọ mi obìnrin ló tú àṣírí ẹ̀. Ó tẹ 9,007,199,254,740,993. Kíá ni ìdáhùn dé: 2, ìgbà 53, kò sí òmíràn. Ọmọ wò mí lójú.

"Dádì, 3 ló wà nídìí ẹ̀ o. Báwo ni 2 ṣe máa pín in?"

Mo mú bírò. Mo ro àwọn díjíìtì ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 78. 3 pín 78, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ pín nọ́ńbà náà. Mo pín in, mo rí 3,002,399,751,580,331, kò ṣẹ́ku rárá.

Ohun tó fà á nìyí. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ áàpù ń gbà tọ́jú nọ́ńbà, àyè 53 péré ló wà fún 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́. 2 mẹ́tàléláàádọ́ta tí a fi ń sọ ara wọn di púpọ̀ jẹ́ 9,007,199,254,740,992. Tí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, àyè ò gba gbogbo nọ́ńbà mọ́, ó ń mú ọ̀kan, ó ń fo ọ̀kan. Áàpù yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà ọmọ mi láìsọ fún ẹnì kan, ó wá fi gbogbo ẹnu tú èyí tó kù.

Mo dán 147,573,952,589,676,412,927 wò, torí mo mọ ìdáhùn ẹ̀. Mersenne, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́ kan, pè é ní práìmù ní 1644. Lucas, onímọ̀ ìṣirò míì, fi hàn ní 1876 pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí ohun tó pín in. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó mú wọn jáde: 193,707,721 àti 761,838,257,287. Kí ni áàpù mi wí? 2, ìgbà 67. Nọ́ńbà tí 7 wà nídìí ẹ̀!

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un. Tí nọ́ńbà yín ò bá ju díjíìtì 15 lọ, ẹ gbà á, ẹ ó gbádùn ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é pé kó kúkú máa sọ pé apá òun ò ká a. Àtúnṣe dé lọ́sẹ̀ tó kọjá: wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnì.