Súbúwúfà àfọwọ́kàn fún orí tábìlì ní Àkúrẹ́: ohun tó yẹ owó àti ohun tí kò yẹ ẹ́

Sípíkà kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè gbé báàsì. Kọ́ọ̀nù inú rẹ̀ (ojú rẹ̀ tó ń gbọ̀n) kì í sábà ju ínṣì mẹ́ta lọ, bí orin bá sì ti lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bí 120Hz (ìgbọ̀nrìrì ọgọ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ìdí nìyẹn tí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fi ń dún kedere nínú orin jùjú, tí gìtá báàsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá: okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin ń dún ní 41Hz. Súbúwúfà, ìyẹn àpótí sípíkà tí báàsì nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ló lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn tó wà nínú páálí tí wọ́n kọ "3000W PMPO" sí lára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni rà wọ́n. Wáàtì PMPO kì í ṣe wáàtì tí ẹ̀rọ kankan lè gbé títí orin kan á fi parí, pákó àpótí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́lẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ á máa bá orin gbọ̀n.

Àkópọ̀ tí a ń yẹ̀ wò níbí ni èyí tó rọrùn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: bọ́ọ̀dù ámúpílífáyà (tó ń fún ohùn lágbára) mono, ìyẹn olóhùn kan, TPA3116D2 tó ní kòkò yíyí méjì (ọ̀kan fún bí ohùn ṣe ń ròkè, ọ̀kan fún ibi tí ohùn tó ga ju báàsì ti máa gé), wúfà (sípíkà báàsì fúnra rẹ̀) ínṣì mẹ́fà ààbọ̀ tó jẹ́ ọ̀mù mẹ́rin (ọ̀mù ni ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná), ṣájà láptọ́ọ̀pù 19V, àti àpótí líítà méjìlá tí kò ní ihò kankan. Bọ́ọ̀dù yẹn yẹ owó rẹ̀ dáadáa. Wúfà ni wọ́n ti lè rẹ́ yín jẹ. Àpótí ló sì máa pinnu bóyá ẹ óò gbọ́ báàsì tàbí ariwo.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù. Texas Instruments ló ṣe TPA3116D2, iná láti 4.5V dé 26V ló sì ń lò. Wọ́n máa ń kọ 100W sí ìpolówó bọ́ọ̀dù mono rẹ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n 21V àti wúfà ọ̀mù méjì ni wọ́n fi wọn iye yẹn. Pẹ̀lú wúfà ọ̀mù mẹ́rin àti ṣájà 19V, nǹkan bí 40W ni ẹ óò rí. Ìyẹn ti tó, ó tilẹ̀ ti pọ̀, fún ẹni tó jókòó sí ìwọ̀n mítà kan sí súbúwúfà nínú yàrá kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá wúfà ọ̀mù méjì kiri nítorí àtirí 100W; ṣájà láptọ́ọ̀pù kò ní lè bọ́ ọ.

Ohun méjì ni kí ẹ wò lára bọ́ọ̀dù kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́, kápásítọ̀ ńláńlá (agolo tó ń fi iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀) tó wà níbi tí iná ń gbà wọlé: ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 25V, ẹ má fi iná 24V sí i láé, nítorí orí rẹ̀ máa wú, á sì bẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 35V sí ló dára. Ìkejì ni irin tó ń fa ooru. Ẹ̀yìn TPA3116D2 tó ń tú ooru jáde kọjú sókè, nítorí náà irin yẹn gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ẹ fi ìka mì ín. Bó bá ń mì, ẹ padà. Ìbátan rẹ̀, TPA3118, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń tú ooru sínú bọ́ọ̀dù, kò sì nílò irin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù mono rẹ̀ ni kò ní kòkò ìgé báàsì; ẹ óò tún ra bọ́ọ̀dù mìíràn láti gé e. Fún ẹni tó ń kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú TPA3116D2 tó ti ní tirẹ̀ lára.

Àṣìṣe kan wà tó lè pa bọ́ọ̀dù yìí. Wáyà méjèèjì tó ń lọ sí wúfà ló ní iná ohùn nínú. Èyí tí wọ́n fi àmì − sí kì í ṣe ilẹ̀ iná (gíráǹdì). Ẹni tó bá so ó pọ̀ mọ́ − ṣájà tàbí mọ́ irin àpótí lè sun bọ́ọ̀dù. Bákan náà ni bí ẹ bá yí + àti − ṣájà padà. Ẹ fi mítà tó ń wọn iná wọn ẹnu ṣájà kí ẹ tó so ohunkóhun. Ṣájà Dell àti HP tó ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín, abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ti iná. Kọ̀ǹpútà ló fi ń dá ṣájà mọ̀. Inú òrùka ni + wà, ẹ̀yìn òrùka ni −.

Ní ti wúfà, ìwọ̀n òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn òǹtajà máa ń fi pọ́n ọn, òun gan-an ni wọ́n sì fi ń tan ènìyàn. Àwọn kan máa ń fi agolo irin tó fẹ̀ bo òòfà kékeré. Etí kọ́ọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó yọ gbùngbùn, kọ́ọ̀nù yóò lè rìn jìnnà síwájú àti sẹ́yìn, ohun tí báàsì sì ń fẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ aṣọ líle tó ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, bíi ti sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde ìnáwó, ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Kò ní wálẹ̀ dé 50Hz bó ti wù kí ẹ ṣe àpótí rẹ̀ tó. Ti tòkunbọ̀ tó ní fóòmù létí, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: bó bá ń rún, á já láìpẹ́.

Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé tó ní ìwọ̀n rẹ̀ lára, ẹ wá Qts, nọ́ńbà tó ń sọ bí wúfà ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Èyí tó wà láàárín 0.35 sí 0.6 bá àpótí tí kò ní ihò mu. Ẹ tún wá Fs, ìyẹn ìwọ̀n Hz tí wúfà fúnra rẹ̀ máa ń gbọ̀n sí. Kó má ju 50Hz lọ. Ní ọjà, bí àyíká Ọjà Ọba, ìwé kì í sábà sí, nítorí náà ẹ mú mítà àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5V kan dání. Wúfà ọ̀mù mẹ́rin á fi nǹkan bí 3.2 sí 3.6 hàn lórí mítà. Bí mítà bá fi 7 hàn, ọ̀mù mẹ́jọ ni, ìdajì agbára bọ́ọ̀dù yín ló sì máa ṣòfò. Ẹ fi bátìrì kàn án fìrí: + sí +, kọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ yọ síta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ kọ́ọ̀nù wọlé jẹ́jẹ́ lọ́gbọọgba, kí ẹ sì fetí sí i. Bó bá ń ha gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, wáyà inú rẹ̀ ti ń fara kan irin.

Bí ẹ bá pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí wúfà gba mẹ́rin, kí bọ́ọ̀dù gba méjì, kí ṣájà gba méjì, kí pákó, gúlù àti wáyà pín méjì tó kù. Ẹ má fi ti wúfà kún ti bọ́ọ̀dù.

Àpótí wàyí. Nínú ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí igi ti pọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn káfíńtà ni pákó àfárá tàbí irú igi gidi mìíràn. Ẹ má gbà. Igi gidi ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọyẹ́, ojú ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ á sì là. Ojú ibi tó là yẹn ni afẹ́fẹ́ á máa gbà fọn. Púláíwúùdù tó nípọn tó 18mm ló dára jù níbí. MDF (pákó tí wọ́n fi okùn igi àti gúlù tẹ̀ pọ̀) náà ń ṣe é, ó tilẹ̀ rọrùn láti gé ju púláíwúùdù lọ, àmọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e máa ń mu omi. Bí ẹ bá lò ó ní Àkúrẹ́, ẹ fi gúlù funfun tí ẹ bomi là kun gbogbo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ọ̀dà kùn ún.

Inú àpótí gbọ́dọ̀ jẹ́ 230mm ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ìyẹn jẹ́ líítà 12.2, wúfà á sì gbà tó ìdajì líítà sí líítà kan nínú rẹ̀. Pẹ̀lú pákó 18mm, ẹ gé méjì tó jẹ́ 266 × 266mm fún iwájú àti ẹ̀yìn, méjì tó jẹ́ 266 × 230mm fún òkè àti ìsàlẹ̀, àti méjì tó jẹ́ 230 × 230mm fún ẹ̀gbẹ́. Ẹ wọn pákó kí wọ́n tó gé e. Èyí tí wọ́n ń pè ní 18mm lè jẹ́ 16mm tàbí 17mm, 266 yẹn á sì di 262 tàbí 264. Àwọn kan máa ń sọ pé àpótí tó dọ́gba níhà gbogbo kò dára nítorí ohùn á máa lu ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni fún sípíkà tó ń kọ orin odidi, ṣùgbọ́n nínú àpótí 230mm, nǹkan bí 750Hz ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, súbúwúfà yìí kò sì ní débẹ̀.

Gbogbo pákó yìí kò ju ìdá mẹ́jọ odidi púláíwúùdù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ. Nítorí náà ẹ má ra odidi. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ béèrè èyí tó ṣẹ́kù, kí ẹ sì sanwó fún wọn láti fi ẹ̀rọ gé e. Ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe ayùn ọwọ́. Bí etí pákó bá wọ́ ní mìlímítà méjì péré, gúlù kò ní lè dí i.

Ihò wúfà ni kí ẹ fi wúfà gan-an wọn. Kò sí iye kan tó bá gbogbo ínṣì mẹ́fà ààbọ̀ mu. Ẹ fi gúlù funfun sí gbogbo ojú ìpàdé, ẹ lu ihò kékeré ṣáájú síkúrù ínṣì kan ààbọ̀ kí púláíwúùdù má baà là, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà, ẹ po gúlù mọ́ ìyẹ̀fun pákó, kí ẹ fi ìka kùn ún sí gbogbo igun inú. Ibi tí wáyà gbà jáde náà, ẹ dí i pa. Ẹ fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ etí wúfà kí ẹ tó fi síkúrù dè é. Òwú ìrọ̀rí tí wọ́n fi ń ṣe pílò, nǹkan bí gíráàmù 200 sí 250, ni kí ẹ tú ká sínú rẹ̀ láìkì í mọ́lẹ̀. Ó ń jẹ́ kí àpótí ṣe bí ẹni pé ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹ ṣe ilé kékeré fún un sẹ́yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i.

Láti mọ̀ bóyá àpótí dì, ẹ tẹ kọ́ọ̀nù wọlé kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bó bá rọra ń padà, ó dì. Bó bá fò padà lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ ń jò. Ẹ gbé ohùn 30Hz sí i láti orí fóònù, kó má ròkè jù, kí ẹ sì fi ọwọ́ tútù yí àpótí ká. Ọwọ́ yín á gbọ́ ibi tó ń fẹ́.

Ti iná kò ní wàhálà púpọ̀. Ṣájà láptọ́ọ̀pù ojúlówó ń gba 100V dé 240V, nítorí náà bí iná BEDC bá rẹlẹ̀ lálẹ́, kò ní mọ̀. Ẹ mú èyí tó jẹ́ 90W, ìyẹn 19.5V àti 4.62A. Ti 65W á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìlù ńlá bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó lè gé iná, kí bọ́ọ̀dù kú kó sì tún jí pẹ̀lú ìró "pó". Kápásítọ̀ 2200µF, 35V, tí ẹ so mọ́ ẹnu iná bọ́ọ̀dù, máa ń dín ìyẹn kù. Bó bá jẹ́ bátìrì sólà 12V lẹ fẹ́ lò, nǹkan bí 18W ni ẹ óò rí, kò sì burú fún òru.

Ẹ má fi ṣájà kan náà bọ́ kọ̀ǹpútà àti bọ́ọ̀dù pọ̀. Ìró kíkùn ni ẹ óò máa gbọ́. Bí ìró náà bá ṣì wà, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri. Bó bá dákẹ́, ilẹ̀ iná ló fà á: ẹ ki gbogbo wọn sí ẹ̀kúsítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà láti fi pín ilẹ̀ wáyà ohùn níyà máa ń pa ìró náà, ṣùgbọ́n olówó pọ́ọ́kú nínú wọn máa ń jẹ báàsì tó wà nísàlẹ̀ 50Hz, ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ kan súbúwúfà gan-an. Kó jẹ́ ohun tí ẹ máa gbìyànjú kẹ́yìn.

Fún wáyà orin, jáàkì 3.5mm tó pín sí méjì ni: ọ̀kan sí sípíkà yín, ọ̀kan sí bọ́ọ̀dù. Bí bọ́ọ̀dù bá ní ẹnu kan péré, ẹ má lọ́ wáyà ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń dènà iná) 4.7kΩ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pàdé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ihò ohùn kọ̀ǹpútà á máa bá ara rẹ̀ jà.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ yí kòkò ìgé sílẹ̀ pátápátá, ẹ ṣí ohùn, kí ẹ wá rọra gbé kòkò ìgé sókè. Ní kété tí ẹ bá gbọ́ ohùn ọkùnrin akọrin láti inú àpótí, ẹ ti kọjá. Ẹ dá a padà díẹ̀. Ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí 100Hz. Ẹ wá yí wáyà + àti − ẹ̀yìn wúfà padà, kí ẹ gbọ́ èyí tí báàsì ti pọ̀ jù níbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ fi í síbẹ̀. Abẹ́ tábìlì, láàárín sípíkà méjèèjì, ló dára jù. Bí ẹ bá gbé e lọ jìnnà, etí á mọ ibi tó wà. Igun yàrá á fi kún báàsì, ṣùgbọ́n nínú họ́sítẹ́lì àyíká FUTA tí ògiri kan là yín àti aládùúgbò, ẹ yàgò fún igun, kí ẹ fi fóòmù tó nípọn sábẹ́ àpótí.